Àyè Olùkọ́ Kan Ṣoṣo

Mo jowú ọmọkùnrin kan rí ní Sharjah débi pé bó bá ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, oúnjẹ ẹnu mi á korò. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, torí àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ fẹ́ràn àlàyé jù. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ mí. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ká ní ó ṣẹ̀ mí ni, ǹ bá bá a jà, kí n sì sinmi.

Èmi fúnra mi ni mo mú un wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni. Láàárọ̀, mo máa ń ṣiṣẹ́ ní Deira, nínú ọ́fíìsì kágò ọmọ Nàìjíríà kan, níbi tí àwọn oníṣòwò wa ti ń kó bèélì aṣọ àti páálí bàtà wá ká tó bá wọn fi ránṣẹ́ sí Èkó. Èmi ni mo ń kọ orúkọ ọlọ́jà sára bèélì. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, máákà dúdú ni mo ń gbá mú láàárọ̀ bí ẹni gbá ṣíbí mú. Ọ̀gá kágò ló gba físà fún mi. Bó bá di ọ̀sán, màá wọ tàkísí àjùmọ̀wọ̀ lọ sí Sharjah, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà létí omi ní Al Majaz. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni, ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé gíga àti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń wá ìwé-ẹ̀rí sí i. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn. Olùkọ́ oníwákàtí ni mí: wákàtí tí mo bá fi kọ́ni nìkan ni wọ́n ń san. Bí iléèwé bá gba họ́lídè, èmi a gba ààwẹ̀.

Kágò yẹn ni àbúrò ti bá mi. Àbúrò ni mo ń pè é, torí ọdún méje ni mo fi jù ú lọ, òun náà kò sì pè mí ní nǹkan míì ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ó tẹ̀lé àǹtí rẹ̀ kan tó wá ra léèsì. Àǹtí padà sí Èkó, òun dúró, ó ní òun fẹ́ dán ibẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ìyàwó àti ọmọ sílé. Mo bá a bẹ ọ̀gá kágò, ọ̀gá sì gba físà fún òun náà. Mo wá bedspace fún un nínú yàrá wa ní Al Qusais, níbi tí àwa mẹ́fà ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, tirẹ̀ wà lókè tèmi. Gàrí mi ló kọ́kọ́ mu nílùú náà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn akọ̀wé ní lẹ́tà kíkọ, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n gbà á ní oníwákàtí bíi tèmi.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń wá ní gbogbo ìgbà yẹn: kí n di olùkọ́ full-time, olówó oṣù. Olùkọ́ full-time ní físà kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á fún un ní fúláàtì, ó sì láṣẹ láti kó ìyàwó àti ọmọ wá. Oníwákàtí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọbìnrin wa, ọmọ ti pé ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń ra káàdì tẹlifóònù, ìyàwó mi á sì ti lọ dúró sílé aládùúgbò tó ní fóònù. Á ní, "Olówó orí mi, ṣé wọ́n ti sọ nǹkan kan?" Èmi á ní ó kù díẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ pé ó kù díẹ̀. Ó ti wá di pé kí n tó lanu, á ti ní, "Mo ti gbọ́, ó kù díẹ̀."

Ẹni tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà jẹ́ ọmọ Sudan, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ kó tó da tíì sí ife fún èèyàn. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, ó kó gbogbo àwa oníwákàtí jọ, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ta ló lè gba kíláàsì sí i? Ó kọ́kọ́ yíjú sí àbúrò.

Àbúrò ní, "Sà, méjì tó mi. Bí mo bá gba ẹ̀kẹta, mi ò ní lè ka lẹ́tà wọn lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn máa máa fi máàkì ta wọ́n lọ́rẹ ni."

Ojú tì mí gidi. Ọ̀gá ní kó ṣiṣẹ́, ó ní ó tó òun! Bá a ṣe jáde, mo fà á sẹ́yìn ilé.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹ, o ń sọ pé o ti yó?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Òótọ́ ni mo sọ."

"Òótọ́ wo? Ta ló bi ẹ́ ní òótọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dárí ji òun. Ẹ̀rín yẹn ni. Ó ní ẹ̀rín kan tó dà bíi pé kò sí ẹni tó ń lé e bọ̀, mi ò sì mọ ibi tó ti rí i rà.

Èmi ní tèmi, ìgbà tó kàn mí, mo ní, "No problem, sà. Ẹ kó wọn wá." Ibi tí a ti tọ́ mi dàgbà, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kíláàsì mẹ́ta ni mo ní tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di mẹ́fà. Ìgbà tí wákàtí kò tó mọ́, mo pa kíláàsì méjì pọ̀ sínú gbọ̀ngàn kan, àwọn ọmọ ń gbé àga wá láti yàrá mìíràn, àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ìṣirò wá tí mo lé padà. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n máa wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe fàájì.

Wọn kò wò ó. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Bí mo bá ń pariwo nínú gbọ̀ngàn, mo máa ń rí àbúrò látojú fèrèsé, ó jókòó láàárín ogún èèyàn rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà níwájú rẹ̀ bíi pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Wọ́n ń gbé èso dábínù wá fún un. Akọ̀wé ará Pakistan kan gbé abọ́ bíríyánì wá fún un nítorí pé lẹ́tà tó kọ́ ọ kọ ló fi gba ìgbéga níbi iṣẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á na ọwọ́ lé e léjìká, á ní, "Habibi," ìyẹn olùfẹ́ mi. Èmi, "shukran", o ṣé lásán, ni mo ń gbà. Mo ń kà á ni o! Lọ́sẹ̀ kan, ó gba habibi mẹ́rin, èmi gba shukran kan, èyí náà sì jẹ́ nítorí pé mo di ilẹ̀kùn mú fún ọ̀gá. Kó tó di pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ rántí pé olùkọ́ ìṣirò ni mí, kò sí ohun tí mi ò lè kà.

Nígbà tí òtútù dé, ẹni tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òun yóò fi olùkọ́ full-time kún àwọn tó wà, ẹyọ kan péré. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ni yóò jókòó pinnu ẹ̀ka tó tọ́ sí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ẹjọ́ tirẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Olórí ẹ̀ka ìṣirò jẹ́ ìyá ará India kan tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì. Ó na fọ́ọ̀mù náà sí mi, ó ní ìwọ lo mọ iye wọn, bá mi kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo ra sámósà fún gbogbo yàrá wa ní Al Qusais. Mo ti ní in, àbí? Ta ló tún kù?

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fọ́ọ̀mù lé páálí bàtà, mo fi rúlà àti bírò tuntun kọ ọ́. Kíláàsì mélòó lẹ ní? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó? Mo kọ iye wọn gàdàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni kò ráyè wọlé nítorí àìsí olùkọ́? Mo kọ ọ́ pé kò sí. Kíláàsì mélòó lẹ fagi lé? Mo kọ ọ́ pé kò sí. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Níbi tí wọ́n ní ká sọ ohun tó bá wù wá, mo kọ ọ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà láìsí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ráhùn. Mo tún un kà, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá ará India fọwọ́ sí i láì kà á, torí ó gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ bébà mọ́ pátákó. Wọ́n to ẹ̀ka márààrún tẹ̀léra láti orí èyí tó nílò olùkọ́ jù. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú. Mo ń fi ìka wá ìṣirò sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí mo fi kan etí bébà. Kódà, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé títẹ̀ ṣíwájú wa.

Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ó da tíì.

Mo ní, "Sà, èmi ni mo ṣiṣẹ́ jù nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fi yàn mí?"

Ó wò mí bíi pé mo sọ èdè tí òun kò gbọ́. Ó ní, "A kì í yan èèyàn. Àyè la ń yàn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá olùkọ́ tí kò rí la ń wò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì mẹ́ta la fagi lé, ó lé ní àádọ́ta èèyàn tó ń dúró, nítorí pé àbúrò rẹ ní òun kò lè gbà ju méjì lọ, àwọn yòókù sì sọ bíi tirẹ̀. Ní ìṣirò, ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ń dúró. Bí mo bá gbé ìyẹn lọ bá ẹni tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, á bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ fi olùkọ́ ṣe níbẹ̀."

"Ẹni tó wá ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Allah á san án fún ọ." Ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo mu tíì náà tán, torí mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe.

Mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Èmi oníkíláàsì mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ihò tí ọ̀gá ń wá káàkiri kó lè rí ohun tó máa fi owó dí, èmi ni mo ń fi ẹ̀yìn ara mi dí i lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún wá ń pè wọ́n kí wọ́n wá wo bí mo ṣe dí i dáadáa tó. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo rí i báyìí lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà, àbúrò ni mo dá lẹ́bi. Mo ní ọ̀lẹ ni, ọ̀lẹ ló sì fi ń jẹun. Òun tó sọ pé méjì tó òun, òun ni ilẹ̀kùn ṣí fún.

Wọ́n polówó iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n pè, àbúrò wà nínú wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò sì kọ́ni fún ogún ìṣẹ́jú níwájú ìgbìmọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ó bẹ̀ mí pé kí n wo òun kí òun fi dánra wò. Àwọn yòókù ti jáde. Ó gbé páálí kágò ti wọ́dìróòbù, ó sọ ọ́ di pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èmi nìkan bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìbéèrè fún ìsinmi.

Ó mọ̀ ọ́n kọ́ o, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kejì ni mo ti rí àléébù rẹ̀. Bó bá ti ń kọ nǹkan, á kẹ̀yìn sí mi pátápátá, á máa bá páálí sọ̀rọ̀, mi ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Bó ṣe ṣe é nìyẹn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ń yún mi. Gbólóhùn kan péré ni: àbúrò, kọjú sí wọn.

Ó parí, ó ń làágùn. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n tún ṣe?"

Mo ní, "Khalas, ó parí. Ó dáa. Má yí nǹkan kan padà."

Mo ti ṣe àwọn nǹkan tí kò dáa láyé mi, èyí sì wà lára àwọn tí mi ò lè fi sẹ́nu bí mo bá ń gbàdúrà. Mo sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run tó mọ inú mi kò gbà fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán wọn wò, ẹni tó ṣáájú àbúrò ti lo máákà tán, àbúrò kò sì rí nǹkan fi kọ̀wé. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ló fi kọjú sí wọn, tó fi ẹnu lásán kọ́ wọn, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á. Ó wọlé wá bá mi ní Al Qusais, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ibi tí kò gba èèyàn àti bàtà pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ yín." Ó ra lọ́fínńdà olóróró fún mi láti Deira, èyí tó wọ́n. Mo gbà á. Mo ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, owú jíjẹ kò jẹ́ kó sanra. Òótọ́ ni. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti fi ìṣó lu ihò méjì sí bẹ́líìtì mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo pe ìyàwó mi. Mo ní wọn kò fún wa, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún.

Ó ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni àbúrò yín ń kọ́ wọn?"

Mo ní òun ni.

"Òun ni wọ́n gbà?"

"Òun ni."

Mo rò pé á bá mi bínú sí i. Mo fẹ́ kó bá mi bínú sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i kú oríire." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, torí aládùúgbò wà nítòsí. Ó ní, "Mo mọ̀ yín o. Ẹ má jẹ́ kó hàn lójú yín." Ibẹ̀ ni káàdì ti tán.

Àbúrò kó lọ sí fúláàtì kan ní Al Majaz, kò sì pẹ́ tí físà ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ fi jáde. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Dubai, torí ẹrù. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwa méjèèjì dúró níbi irin tí wọ́n fi dá àwọn tó ń pàdé èèyàn dúró, àwa méjèèjì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, nítorí pé a ó gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ń nu ojú ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ọdún mẹ́ta ni kò ti rí wọn. Fọ́tò kan tó fi ránṣẹ́ sílé ní àkọ́kọ́ dé rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n, fọ́tò tó yà nígbà tó ṣì dá irunmú sí. Ó ti fá irunmú náà nítorí iṣẹ́ tuntun. Èmi ò fá tèmi.

Ìyàwó rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bọ̀ lókèèrè. Ọmọ náà sáré ṣíwájú rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún nínú gáùn àwọ̀ ọsàn, ó dúró, ó wo ojú àbúrò, ó wo ojú mi. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. "Dádì, ẹ kú ilé." Ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ mi mú.

Ó yẹ kí n sọ pé èmi kọ́. Àbúrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omi ti bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbẹ́kẹ̀ lé mi pé màá sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ náà. Ó wúwo. Mi ò mọ̀ pé ọmọ máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀ bó bá tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kú àbọ̀, ọmọ mi," mo sì gbé e dání títí ìyá rẹ̀ fi dé, tí òun fi sọ fún un pé èmi kọ́.